Ìlẹ̀kùn Fíríìsà Tó Ń Ta Mí Lọ́wọ́

Peckham, London.
Ọjọ́ Sátidé.

Bàbá Kánsọ́lá, ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta tí ẹ ti fi mí sílẹ̀. Nígbà tí ẹ wà ní London tí èmi ṣì wà ní Ìsẹ́yìn, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ kọ ni pé mo lérò pé ara yín le. Mo ti kọ ọ́ síbí náà kí n tó rántí. Mo pa á rẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ tí ẹ sùn sí fẹ̀, kí ó sì tù yín lára. Ìyẹn nìkan ni ìlera tí mo lè tọrọ fún yín báyìí.

Èmi náà wà láàyè, n kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí wá ṣe àdúà ogójì ọjọ́, wọ́n jẹun, wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n lọ. Mo ṣì ń se ìrẹsì ẹni méjì, mo sì ń da ti ẹnì kan nù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti jẹ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a sin yín, mo ṣe àlùwàlá nídìí síǹkì kíṣìnnì, nítorí orúnkún mi kò jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn lọ sí balùwẹ̀. Omi ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò wọ bàtà. Mo di ìlẹ̀kùn fíríìsà mú, nǹkan kan sì ta mí ní ìka, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèrà bá ń rìn lábẹ́ awọ. N kò bẹ̀rù. Ibẹ̀ ni ẹ máa ń fara tì tí ẹ bá ń dúró kí omi tíì hó. Mo ní ẹ̀yin ni.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lò nílé oníṣẹ́ iná. Àìmọye ìgbà ni mo gbọ́ yín lórí fóònù pé, “Madam, tó bá ti ń ta yín lọ́wọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.” Síbẹ̀, lẹ́yìn àlùwàlá kọ̀ọ̀kan, mo máa ń lọ di ìlẹ̀kùn yẹn mú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, èmi tí ẹ máa ń pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó dìde fún àsùbáà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mo mọ̀ pé wọ́n á tún un ṣe.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Kánsọ́lá wá láti Forest Hill. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje. Ó ní òun á bá mi fọ ẹja. Pálọ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ igbe rẹ̀. Ọwọ́ kan wà lára ẹ̀rọ omi, ó fi èkejì ṣí fíríìsà. Kí n tó débẹ̀, ó ti wà nílẹ̀, gbogbo iná ilé sì ti kú. Ó ní, “Mummy, fridge yẹn gbé mi o. Like, it actually gbé mi.” Ìlẹ̀kùn náà ni mo kọ́kọ́ wò, kì í ṣe òun. Ó wò mí lójú títí. Ó ní, “Mummy, ẹ mọ̀.”

Ọsibítù la sùn kí wọ́n lè máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ó ń lù dáadáa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yín kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo jókòó sórí àga ike, mo ń rò ó pé ẹ̀yin ni mo ń wá, ọmọ yín ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi wá yín.

Uncle Cornelius tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ló wá lọ́jọ́ kejì. Ó dúró pẹ́ níwájú àpótí súìṣì lábẹ́ àtẹ̀gùn kó tó lè ṣí i. Ó ní òun kò fọwọ́ kan iná nínú ilé yìí rí kí ẹ má baà pe òun ní ìgbín, pé ọwọ́ òun kò yá. Ó pa gbogbo súìṣì, ó ń gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi tẹ́sítà kan kẹ́tùlù, ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ̀rọ omi. Kò sí nǹkan kan. Ó kan ìlẹ̀kùn fíríìsà, tẹ́sítà tan.

Ó tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, èyí tó yẹ kó máa kó iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kò sí ní ààyè rẹ̀. Ẹnì kan ló gé e. Ẹni náà fi téèpù dúdú wé ẹnu rẹ̀ nígbà mẹ́ta, ó sì ká etí téèpù náà sínú. Àwa méjèèjì la mọ ẹni tó máa ń ká téèpù bẹ́ẹ̀. Cornelius pe orúkọ yín, ó ní, “Sàká. Ìwọ tó o lé mi sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà níbi iṣẹ́ wa ní Elephant torí wáyà yìí kan náà.” Ó nu ojú rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀sẹ̀ Iléyá. Bí ẹ bá ti tan fíríìsà, súìṣì ńlá á já. Ẹran àgbò wà nínú rẹ̀, ẹ ti di tàwọn aládùúgbò sí ọ̀rá, ẹ ti kọ orúkọ wọn sí i, ikọ́ kò sì jẹ́ kí ẹ lè pín in. Ẹ gé wáyà náà kí súìṣì má baà já mọ́, ẹ ní, “Kí ẹran aráyé má bàjẹ́. N ó padà sí i lọ́la.” Bí a ti ń ṣe é nílé náà nìyẹn, kí iná ṣáà ti dúró. Lọ́la yẹn ni ọkọ̀ ọsibítù gbé yín, ẹ kò sì padà sí nǹkan kan mọ́.

N kò bínú sí yín. Cornelius ní súìṣì ńlá tó já lọ́jọ́ Túsìdeè ló gba Kánsọ́lá là, èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín dè, tí ẹ máa ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò bóyá á ṣì já ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, tí èmi á máa pariwo pé ẹ ti pa fíìmù mọ́ mi lójú.

Wọ́n ti gbé fíríìsà náà lọ. Mo ru ẹran lọ sí ilé gbogbo àwọn tí ẹ kọ orúkọ wọn. Lánàá, mo ṣe àlùwàlá tán, mo fọwọ́ kan ògiri ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó tutù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ibì kankan nínú ilé yìí mọ́ tí mo lè fọwọ́ kàn kí ó dá mi lóhùn.

Kí Ọlọ́run dárí ohun tí ẹ gbàgbé jì yín, kí ó sì dárí ohun tí mo fi pamọ́ ji èmi náà. Kí ọmọ tó ń bọ̀ bá wa láyọ̀.

Èmi ni ìyàwó yín,
Àsúmáù.

Mo gbàgbé láti sọ ọ́: òní ni Sátidé àkọ́kọ́ oṣù. Mo tẹ bọ́tìnnì náà. Súìṣì já, ilé dákẹ́, mo tún gbé e sókè. N ó máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù.