Wáyà Tó Sanra bí Àtàǹpàkò Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara ọmọ mi le? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń rí oorun sùn? Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù pé òun fẹ́ ṣe ọ́ níbi, iṣẹ́ tara rẹ̀ kò ní jẹ́ kó ráyè. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún mi ṣì máa ń ké sí mi, ṣùgbọ́n n kì í dá a lóhùn.

Ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí o ní ká fi sínú ọkọ̀ bàbá rẹ, ká lè máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ti dé láyọ̀. O mọ̀ pé nígbà tó ń sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, kó tó fi wá sílẹ̀ lọ, àìsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ tán. Tí a bá fi rédíò kékeré gbọ́ ọ, bí òjò tó ń rọ̀ ní ilé kejì ló ń dún. Rewáyà tó ń ṣe iná ọkọ̀ ní ìkòríta gbé ẹ̀rọ náà sí búùtù, ó ní kí n lọ ra wáyà tó máa gbé iná wá láti bátìrì. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo rí wáyà lóríṣiríṣi, mo wá rò ó pé ohùn tó ti tín-ín-rín báyìí, kí ló fẹ́ fi wáyà ńlá ṣe, ṣé kó lọ sọnù sínú rẹ̀ ni? Ni mo bá ra èyí tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, pupa fòò, ó wù mí. Rewáyà wò ó, ó wò mí, ó ní Ìyá, èyí ò lè ṣe é o. Mo ní kó ṣáà so ó, èmi ni mo mọ ohùn ọkọ mi. Ó so ó, ó ń kùn, ó ní kí n má tíì tàn án, òun ń lọ wá wáyà gidi bọ̀.

Bó ṣe yíjú báyìí, mo wọlé sínú ọkọ̀, mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò ọkọ̀, mo tan ẹ̀rọ. Ẹ̀gbẹ́ tèmi ni mo jókòó sí, mo fi àyè dẹ́rẹ́bà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ojú gíláàsì wọlé, eruku ń fò jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀. Ọmọ mi, bàbá rẹ sọ̀rọ̀! Ó kí mi. Ó bú ewúrẹ́ wa tó ti kú tipẹ́. Ó húkọ́, mo ní pẹ̀lẹ́. Ó ń ṣe mí bíi pé ọkọ̀ ń lọ, tí a ò sì kánjú débì kankan. Mo fọwọ́ kan wáyà, ó ń gbóná, mo ní ibà lásán ni, mo rẹ aṣọ sómi, mo fi lé e. Bàbá rẹ wá ní kí n sọ fún ọmọ òun pé, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ panu mọ́, tí èéfín sì yọ.

Rewáyà sáré dé, ó já wáyà kúrò lára bátìrì. Nígbà tó rí aṣọ tútù, ó káwọ́ lérí. Ó ní wáyà yẹn ò gbé ohùn rárá, oúnjẹ ẹ̀rọ ló ń gbé. Iwájú ni bátìrì wà, ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ wà, bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni wáyà gbọ́dọ̀ ṣe sanra tó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ebi á pa ẹ̀rọ, wáyà á sì jóná. Ó ní láti gbé ohùn kékeré dìde, agbára ńlá ló ń gbà. Mo sunkún. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì ò bàjẹ́.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, bá mi ra wáyà bàbà gidi, kó sanra bí àtàǹpàkò bàbá rẹ, o ṣáà rántí àtàǹpàkò yẹn, pẹ̀lú fíúsì tó máa jókòó ti bátìrì. Fi owó díẹ̀ kún un fún rewáyà, mo ti dààmú rẹ̀. Ó ní òun lè yá mi ní wáyà tòun kí n gbọ́ èyí tó kù. Mo kọ̀. Ìwọ ni bàbá rẹ rán ọ̀rọ̀ yẹn sí, ọmọ mi, n ò lè ṣáájú rẹ gbọ́ ọ. Má fi wáyà rán ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà á là fún ọ, wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Mo ti nu àyè dẹ́rẹ́bà sílẹ̀ dè ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ