Ṣòkòtò Tí Mo Dín Lẹ́ẹ̀mẹta

Bantè, ọjọ́ Jímọ̀

Hanane, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà kún yàrá rẹ ní Parakou, kí ó sì jẹ́ kí o parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ rẹ láyọ̀. Ara gbogbo wa nílé le, a dúpẹ́. Èmi náà ti ń sanra díẹ̀díẹ̀, má rẹ́rìn-ín.

Mo rí lẹ́tà rẹ. O ní Affissou gbọ́ pé mo lọ sí ilé wọn ní Savalou nígbà tí kò sí nílé, o sì bi mí bóyá mo fẹ́ ba ìgbéyàwó ẹ̀yin méjèèjì jẹ́ ni. Jọ̀ọ́, má tíì bú mi. Kà á dópin ná.

O mọ̀ pé ọdún méjì ni mo fi lo oògùn oníhóró fún àtọ̀gbẹ, tí kò ràn mí lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ní iṣu ló fà á, mo sì pa iṣu tì, èmi ọmọ Bantè! Síbẹ̀ mo ń rù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọwọ́ ara mi dín ìbàdí ṣòkòtò mi kù.

Dókítà Laurence, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ìwòsàn wa, kò tíì ṣí ìwé mi tó fi wo ojú rírán náà. Ó ní, "Ọ̀gá aránṣọ, ta ló ń dín ṣòkòtò yín?" Mo ní èmi ni. Ó ní àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀ lára àgbàlagbà kì í sábà mú èèyàn rù báyìí, ló bá gba ẹ̀jẹ̀ mi ránṣẹ́ sí Cotonou. Háà, Hanane, ọmọ náà gbọ́n!

Nígbà tí èsì dé, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ mi ló ṣi ara ilé mú ní ọ̀tá, wọ́n sì ń ba ibi tí ínsúlíìnì ti ń wá jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọdé ni irú rẹ̀ sábà ń mú, àmọ́ ó ń mú àgbàlagbà náà. Ó ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ló kàn. Èmi tí mo ń fi abẹ́rẹ́ jẹun láti ogún ọdún, àyà mi já!

Ló bá tún mú bébà. Ta ló ní gẹ̀gẹ̀ nílé yín, torí òun àti àìsàn yìí máa ń jọ rìn? Ta ni òùngbẹ ń gbẹ, tó rù títí tó fi kú? Ní ìhà bàbá ńkọ́? Ní ti ìyá? Mo ní, "Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ọmọ wa ni?" Ibẹ̀ ni ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ará ilé Affissou bi mí nígbà tí wọ́n wá ṣe ìwádìí nípa wa, mo sì wò wọ́n lójú, mo ní kò sí àìsàn kankan nílé wa, bẹ́ẹ̀ mo ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ nígbà náà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lo oṣù mẹ́ta.

Mo bi dókítà nípa rẹ. Ó ní a kì í jogún àìsàn yìí fúnra rẹ̀. Àwọn àbùdá kéékèèké tó lè ṣílẹ̀kùn fún un là ń jogún, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní wọn ló sì ń darúgbó láìṣàìsàn náà. Ewu tìrẹ fi díẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, òun náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́ jù, tí o ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí o sì ń rù, tètè lọ ṣàyẹ̀wò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gun alùpùpù akérò, sẹ́míjàn, lọ sí Savalou. Mo bá Ìyá Aminatou, ìyá àgbà Affissou, níwájú ilé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ irọ́ mi, mo sì sọ ohun tí dókítà wí. Ẹ̀rù bà mí púpọ̀, torí mo mọ bí o ṣe fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn tó. Màmá ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Ta ló rán ọ wá?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n ní, "Kò sílé tí àìsàn ò sí. Ilé mẹ́rin la ti ṣèwádìí fún àwọn ọmọ wa, ìwọ nìkan ló padà wá sọ èyí tó fi pamọ́. Ilé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a ti fẹ́yàwó." Wọ́n ní kí ìwọ fúnra rẹ mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Màmá ò kàwé o, àmọ́ ojú kan náà tí dókítà fi wo ṣòkòtò mi ni wọ́n fi wo ọkàn mi.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ àti ilé tí o ń lọ. Kí o bímọ tí yóò ju wá lọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ti ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ láìpariwo,
Moudachirou

Mo gbàgbé: Màmá bi mí bí mo ṣe ń tọ́jú ínsúlíìnì láìsí fíríìjì. Mo ní dókítà ní kí n fi ìkòkò kékeré sínú ńlá, kí n da iyanrìn olómi sáàárín wọn kí inú rẹ̀ lè máa tutù, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó bá ara mu. Láàárọ̀ yìí, Affissou gbé ìkòkò méjì dé lórí alùpùpù. Ó ní ìyá àgbà òun ní kí n máa rẹ iyanrìn náà lójoojúmọ́, torí oògùn àna àwọn ò gbọdọ̀ bàjẹ́. Hanane, àna ni wọ́n pè mí.