Alhaji Àṣírù Àlàmú Ọ̀láwọyin (1953–2024): Bàbá Tó Kọ́ Ẹ̀jẹ̀ Ara Wọn ní Sùúrù

Ìlú Ìgànnà ni wọ́n ti bí Bàbá wa ní ọdún 1953, nínú ilé Ọ̀láwọyin, ilé àgbẹ̀ tí wọn kì í ti í gba ọ̀lẹ láàyè. Sùlèmánà ni bàbá wọn, Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá wọn. Wọ́n kéwú, wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì bá ọkọ̀ akóṣu wá sí Àpápá ní 1971.

Èbúté Kirikiri, níbi tí àwọn bájì, ọkọ̀ omi pẹlẹbẹ akẹ́rù, ti ń já ẹrù, ni wọ́n ti rí iṣẹ́. Ní 1980 wọ́n fẹ́ Tinú, aránṣọ ní Ajégúnlẹ̀. Nígbà tó di 1988, wọ́n ti di olórí ẹgbẹ́ ajáẹrù.

Ìlànà kan wà ní èbúté nígbà náà: olórí ẹgbẹ́ kì í jókòó. Wọ́n ní bó bá jókòó pẹ́nrẹ́n, ẹrù á já lulẹ̀. Bàbá pa òfin yìí mọ́ ju ẹni tó ṣe é lọ. Kódà nínú ilé, bí ìdérí ìkòkò bá ṣèèṣì bọ́, Bàbá ti fò dìde, wọ́n ti ń wá bàtà.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni ọgọ́ta ọdún. Bàbá wọn kò pé e, ẹ̀gbọ́n wọn kò pé e. Àyà ló gbé àwọn méjèèjì lójijì, ará ilé sì ní ayé ló ṣe wọ́n. Nígbà tí àyà mú Bàbá wa náà lẹ́nu iṣẹ́ ní 2011, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, àwọn kan ti ń ka orúkọ ọ̀tá.

Dókítà Morádéún ló là wọ́n lójú. Ó ní àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ti ọ̀pá ẹ̀yìn wá, wọ́n rọ̀ mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀. Bí ewu bá dé, àwọn ni wọ́n ń sọ fún ọkàn pé kó sáré, tí wọ́n ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún. Bí ewu bá lọ, ó yẹ kí wọ́n rọlẹ̀. Bí wọn kò bá rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, ara òpó náà á nípọn, á le, ọ̀rá á sì rí ibi lẹ̀ mọ́. Iyọ̀ àti àjogúnbá náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Dókítà wá ní, “Bàbá, kò sẹ́ni tó ṣe yín. Ẹ ò jẹ́ kí ara yín mọ̀ pé ewu ti lọ ni.”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn, wọ́n dín iyọ̀ kù, wọ́n sì gbé bẹ́ǹṣì lọ sí èbúté. Wọ́n ní bí ẹgbẹ́ bá ti já ogún ẹrù, kí gbogbo wọn jókòó, olórí pẹ̀lú. Omoefe, igbákejì wọn, pariwo: “Oga, who dey sit down for ship work? You wan make load fall?”

“Jókòó jàre. Ẹrù ò ní sá lọ. Ẹ̀mí ló lẹ́sẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ kọjá, ọdún kọjá, ẹrù kankan kò já lulẹ̀. Ní 2013 Bàbá pé ọgọ́ta. Wọ́n sunkún ní mọ́sáláṣí, àwa ọmọ náà sì sunkún. Omoefe lọ ṣàyẹ̀wò, ó bá a pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru láìmọ̀. Ó tọ́jú ara rẹ̀, ó sì wà láàárín wa lónìí. Ní 2017 Bàbá fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn yí Káábà ká.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, lẹ́yìn ìrun Alaasari, Bàbá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Wọ́n fi Alhaja Tinú sílẹ̀, àti àwa ọmọ wọn: Yasir, Inúmidùn, Ummusalamah, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje, tí Ọlámidé jẹ́ àgbà wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá bẹ̀ wá pé ká ṣe ní ọjọ́ fìdáù yìí. Ummusalamah, nọ́ọ̀sì wa, wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀yin àlejò wa, kí ẹ tó dé ìdí oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na apá yín.

Bàbá wa, ẹ sùn re o. Ẹ ti mọ ìsinmi kí ikú tó dé. Kí Ọlọ́hun bá yín fi kún un.