Páṣà Kì í Ṣe Ẹran Ọbẹ̀

Àìkú, 6 Oṣù Keje
Hilmi ọmọ mi wá. Kò tíì jókòó tó ti ń wo abẹ́ àga. Ó ní àwọn òbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Nihal, ọmọ òun, ń bọ̀ ní Jímọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún. Ilé mi ni wọn yóò ti jẹun, torí èmi ni àgbà. "Màámi, ehoro yẹn la ó fi se mulukíyà, ọbẹ̀ ewédú." Mo ní ó lórúkọ — Páṣà. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ajé, 7
Kíláàsì méjì péré ni mo kà, àmọ́ mo lè kọ èyí: RÁRÁ.

Ọjọ́rú, 9
Ooru. Páṣà nà gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ ra ewé fún un. Dáhì, aṣọ́nà ilé wa, tún bẹ̀rẹ̀: "Ìyá Hilmi, ẹran yín ti tó kílò mẹ́ta! Àbí ẹ fẹ́ kó lọ Mẹ́kà ná kẹ́ ẹ tó pa á?" Mo ní, "Ìwọ náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún kílò, Dáhì. Ta ló pa ẹ́?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ó wá ní agbọ̀n mi dára. Mo ní, "Tìẹ ni, máa mú un lọ." Ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní kí n lò ó pẹ́. Bó ṣe yẹ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún tó wá gbà á lóòótọ́, kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Jímọ̀, 11
Insaf àbúrò mi lórí fóònù — ẹkún. "Ojú á tì wá! Ta ni kì í pa ehoro fún àlejò ní àdúgbò Shubra yìí?" Mo mọ̀. Èmi náà ti pa wọn, mi ò lè kà á. Páṣà gan-an, mo rà á láti pa ni. Ọjọ́ kẹta, mo pọ́n ọ̀bẹ. Ó wá gbé orí lé ẹsẹ̀ mi, ó sùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ! Láti ìgbà tí bàbá Hilmi ti kú, ẹnikẹ́ni ò tíì sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìbẹ̀rù ẹnu mi.

Àìkú, 13
Hilmi mú alápatà wá. Sínú ilé mi! Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Páṣà wà, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó dá ẹsẹ̀ mi kọjá. Alápatà tọrọ gáfárà, ó bá tiẹ̀ lọ. Hilmi ní, "Màámi, ṣé ẹ máa ba ti Nihal jẹ́ torí ehoro?" Ìyẹn wọ̀ mí lára. Mi ò jẹ́ kó rí i.

Ajé, 14
Nihal pè. "Màmá àgbà, ẹ ṣe bó ṣe wù yín." Ohùn rẹ̀ ò le. Mi ò jẹun alẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 17
Pẹ́pẹ́yẹ méjì. Èmi ni n ó sè é. Kẹ́nikẹ́ni má wọ ilé ìdáná mi.

Jímọ̀, 18
Wọ́n dé. Rushdi, bàbá ọkọ — irunmú bíi búrọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó rẹ̀. Shadi, ọmọ wọn, ń làágùn. Mo gbé mulukíyà àti pẹ́pẹ́yẹ kalẹ̀. Rushdi wo àwo, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ehoro ni Hilmi sọ fún wa."

Mo ní ehoro ń bẹ, kì í ṣe nínú àwo ni.

Àfi bíi pé ó gbọ́. Páṣà jáde, ó la àárín pálọ̀ kọjá bí onílé, ó jókòó lórí bàtà Rushdi. Rushdi gbé e. "Áà, èyí dára o!"

Hilmi — ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ ọn lẹ́nu, kò rò ó — "Tiyín ni, ẹ máa mú un lọ."

"Mo gbà," ni Rushdi wí. Ojú mi ló ń wò. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Nihal di etí aṣọ mi mú.

Mo wo Shadi látòkè délẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá Rushdi, ọmọ yín yìí dára o."

Kí ni ì bá sọ? "Ti... tiyín ni, Àlájà."

"Mo gbà. Ẹ máa gbé ehoro lọ. Shadi, dìde, yàrá ẹ wà lẹ́yìn."

Ìyàwó Rushdi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Rushdi, gbé ehoro ìyá yìí sílẹ̀ kí n lè mú ọmọ mi délé!"

Ó gbé e sílẹ̀. Ó jẹ pẹ́pẹ́yẹ, ó bu ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ka Fátíhà láti fi àdéhùn ìgbéyàwó Nihal àti Shadi múlẹ̀. Gbogbo ojú wà ní dídì, àfi tèmi. Páṣà wà lábẹ́ àga, ó ń jẹ okùn bàtà Rushdi.

Mo rí i. Mo ní àmín.