Mo Fi Sátẹ́láìtì Ìjọba Sílẹ̀

Bouaké, Jímọ̀ọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo ti sọ fún Bàbá. Láti ọjọ́ Ajé tí mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni àyà ti ń já mi, nítorí gbogbo aláṣọ àdúgbò wa, Dar-es-Salam, ló mọ̀ pé ọmọ Bàbá obìnrin ń ṣe sátẹ́láìtì fún ìjọba.

Bàbá ń ká aṣọ nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo ṣàlàyé pé kámẹ́rà sátẹ́láìtì tí mo fi ọdún mẹ́ta ṣe ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, pé bí wọ́n bá ti pààrọ̀ mínísítà ni wọ́n ń sún ọjọ́ tí yóò gòkè lọ sí òfuurufú síwájú. Ilé iṣẹ́ aládàáni kan ti gbà mí. Wọ́n ti gba àyè lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì oníṣòwò. Kámẹ́rà míràn ni màá ṣe fún wọn. Ti àkọ́kọ́ yẹn ṣì ń dùn mí díẹ̀.

"Rọ́kẹ́ẹ̀tì oníṣòwò náà a máa bú gbàù nígbà míràn, Bàbá."

"Nígbà tí mò ń bọ̀ wá síbí láti ilé, mo dúró de rélùwéè ìjọba títí ó fi sú mi. Ọkọ̀ akóṣu ló gbé mi dé, ó sì takú lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà."

Bàbá wá bèèrè bóyá kámẹ́rà tuntun á rí ṣọ́ọ̀bù wọn látòkè. Mo ní á rí òrùlé Gonfreville, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ńlá yẹn, àmọ́ tiwọn kéré jù.

"Kò burú," ni wọ́n wí. "Ìwọ ṣá ti mọ ibi tó wà."