Iná Tó Kọjá Sí Oko Ìyá Peace

Ilé Ògúnlànà,
Ìsàn-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Òkúdù, 2024.

Fúnmi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Iṣẹ́olúwa kékeré tó ń hu eyín. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ìlera ní Ìlọrin, kí ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú sì ti fi ọ́ sílẹ̀. Àwa náà ń bẹ láàyè, a dúpẹ́. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn.

O ti bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí Ìyá Peace fi kó lọ sí Ìrèlè, mo sì yí ọ̀rọ̀ náà sí ibòmíràn. Má bínú. Tòsí mi ni bàbá rẹ máa ń jókòó sí nígbà tí o bá pè, n kò sì fẹ́ sọ ọ́ létí wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

O mọ oko ẹ̀gbẹ́ òkè tí bàbá bàbá rẹ pín fún àwọn ọmọ wọn. Apá kan ojú ọ̀nà jẹ́ ti bàbá rẹ, apá kejì jẹ́ ti Àbẹ̀ní àbúrò wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Peace. Láti ọdún mélòó kan ni òjò kò ti mọ ìgbà tirẹ̀ mọ́. Ó lè dé lóṣù Ẹrẹ́nà bí ẹni tó dé tán, kí gbogbo wa gbin iṣu, kó wá dáwọ́ dúró títí èèbù yóò fi gbẹ nínú ebè. Nígbà tó bá sì padà, tìbínútìbínú ni. Á máa wọ́ ilẹ̀ òkè náà lọ sínú odò.

Ìyá Peace ló kọ́kọ́ sọ pé a kò lè máa dáko bíi ti àtijọ́ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ agíríìkì ìjọba pe àwọn obìnrin àgbẹ̀ sí ìpàdé kan ní Ọ̀yẹ́, Ìyá Peace wà lára àwọn tó lọ. Bí Ìyá Peace ṣe dé, wọ́n ní àwọn kò ní sun oko mọ́. Koríko tí wọ́n bá ro, orí ebè ni wọ́n ń kó o sí kí oòrùn má baà fa omi inú ilẹ̀ gbẹ. Wọ́n gbin igi ayúnrẹ́ sáàárín kòkó kí ó lè máa ṣíji bò ó. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Àbẹ̀ní, oko tí a kò bá sun, ulé ejò ni." Àwọn tó ń kọjá a máa pè é ní oko ọ̀lẹ. Ìyá Peace kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ọ̀dá èṣí ló là wá lójú. Èyí tó pọ̀ nínú iṣu wa kò hù rárá. Ní ti Ìyá Peace, bí o bá ṣí koríko orí ebè, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù bí ìdí àmù. Nígbà tí wọ́n wa iṣu, wọ́n ru tiwa wá sẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó wa, ẹ gbà, ẹ fi gúnyán fún Bọ̀dá mi." Bàbá rẹ jẹ iyán náà tán, wọ́n fọwọ́, wọ́n ní, "Èmi náà kò ní sun oko lọ́dún tó ń bọ̀." Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ, Fúnmi, inú mi sì dùn.

Àmọ́ nígbà tí ọyẹ́ dé, igbó ti dí. Àwọn lébìrà tí bàbá rẹ mú ní àwọn kò lè ṣán an láìfi iná sí i. Bàbá rẹ ní, "Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré." Wọ́n ṣèlérí fún mi pé àwọn yóò ro etí ọ̀nà kó fẹ̀ dáadáa, pé àwọn yóò sọ fún Ìyá Peace, àti pé ó di ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ kí àwọn tó ṣáná sí i. Iṣẹ́ mìíràn ń dúró de àwọn lébìrà náà ní Ùsì, wọ́n sì ń kánjú. Ọ̀sán gangan ni bàbá rẹ jẹ́ kí wọ́n finá sí i, láìsọ fún Ìyá Peace. Ibi tí wọ́n ro kò fẹ̀ ju ẹní lọ.

Afẹ́fẹ́ gbé iná náà, ó fò kọjá ojú ọ̀nà. Ohun tó dùn mí jù nìyí: koríko tí Ìyá Peace ti ń tẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá kí ilẹ̀ má baà gbẹ, òun gan-an ni iná rí jẹ. Àwọn èèyàn sáré wá pẹ̀lú ewé tútù àti omi. Kí wọ́n tó pa á, kòkó ti jóná, ayúnrẹ́ ti jóná.

Ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ni wọ́n ti lọ pe Ìyá Peace. Wọ́n dé, wọ́n dúró, wọ́n wo oko náà. A rò pé wọn yóò figbe ta. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ síwájú wọn, wọ́n ní, "Bọ̀dá mi, ṣé iná ò jó yín?"



Àwọn àgbà ẹbí dá sí i. Bàbá rẹ ní kí Ìyá Peace gba ilẹ̀ wa tó wà létí odò, èyí tó dára jù nínú ohun tí a ní. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní, "Ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún kì í tún bẹ̀rẹ̀ kòkó." Kò pẹ́ tí Peace ọmọ wọn fi wá kó wọn lọ sí Ìrèlè.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ bá ilẹ̀ náà níhòòhò. Erùpẹ̀ oko méjèèjì jọ ṣàn lọ pọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè sọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n àti èyí tó jẹ́ ti àbúrò. Odò tí o ti ń pọnmi ní kékeré ti kún fún iyanrìn; kò mu èèyàn dé kókósẹ̀ mọ́.

Báyìí, ojoojúmọ́ ni bàbá rẹ ń lọ síbẹ̀. Wọ́n ń to òkúta ní ìbú òkè kó lè dá erùpẹ̀ dúró. Apá ti Ìyá Peace ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbin ayúnrẹ́, kí wọ́n tó gbin tiwa. Wọn kò sun koríko mọ́. Bí àwọn tó ń kọjá bá ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kì í dáhùn.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Ìrèlè láti lọ bẹ Ìyá Peace kí wọ́n padà wálé. Ìyá Peace gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n se oúnjẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Mo ti dárí jì yín láti ọjọ́ yẹn, Bọ̀dá mi. Ojú mi ni kò lè wo ibẹ̀ mọ́." Bàbá rẹ délé, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n sùn láìjẹun. Òótọ́ ni, ẹ̀yìn ọ̀ràn ni àbámọ̀ máa ń dé.

N kò kọ èyí kí o lè fojú burúkú wo bàbá rẹ. Èèyàn rere ni wọ́n. Ó kàn pẹ́ kí wọ́n tó kọ́gbọ́n ni. Bí o bá ń bọ̀ wálé, gba Ìrèlè kọjá, kí o kúnlẹ̀ kí Ìyá Peace fún mi.

Kí ohun tí o bá gbìn má jóná mọ́ ọ lọ́wọ́. Kí ìlàjà má ṣe pẹ́ jù nínú ilé rẹ. Eyín tí Iṣẹ́olúwa ń hu yìí, yóò fi jẹun dọ́jọ́ alẹ́ ní àṣẹ Olúwa.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Christiana Ògúnlànà.

Àfikún: Iṣu tí mo fi rán Abdulazeez onítakisí sí ọ kì í ṣe ti oko wa. Ọjà Ìkọ̀lé ni a ti rà á. Bàbá rẹ ló ṣà á fúnra wọn, wọ́n sì ní kí n má sọ fún ọ.