Bí Ojú Ọ̀nà Ọlọ Ṣe Di Ojú Ọ̀nà Àwòdì

Ilé Kẹsàn-án,
Ojú Ọ̀nà Àwòdì,
Tamlin.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 1975.

Ìyá mi àgbà,

Mo kí yín o. Mo kí yín fún òtútù tó ń bọ̀, mo tún kí yín fún orúnkún yín. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín lórí ìjókòó, kó má bá yín lórí ìdùbúlẹ̀, kí ìyàwó Búọ̀dá Wendell sì máa fún yín ní tíì tó gbóná, kì í ṣe èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí nínú ìwé yín. Àwa náà wà. Dale ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ bíríkì. Corinne ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Ẹ ti máa rí àdírẹ́sì tí mo kọ sókè yẹn. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, a ò kó kúrò. Inú ilé yín náà la ṣì wà, yàrá yín ni mo jókòó sí tí mo ń kọ̀wé yìí. Ojú ọ̀nà ni wọ́n yí lórúkọ padà. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, torí èmi gan-an ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí i. Ẹ mọ̀ pé ìwé tí mo kà ò pọ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Ẹ rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Bí páìpù bá bẹ́, Orval òṣìṣẹ́ ìlú la máa pè. Bí yìnyín bá dí ọ̀nà, Orval ni. Bí màlúù ẹnì kan bá já wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, Orval náà ni. Ìgbìmọ̀ ìlú á jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa jẹ páì ápù yín, ọ̀rọ̀ ìlú á sì tán kí páì tó tán. Bí ara ẹnì kan ò bá yá, ẹ̀ẹ́ gbé fóònù, obìnrin tó ń so fóònù pọ̀ á ti mọ ohùn yín. Á ní, "Ṣé bàbá ni àbí ọmọ?" Dókítà á ti wà lọ́nà. Mo kéré nígbà náà, mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe rí nìyẹn.

Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kó Tamlin àti Elmsby àtàwọn ìlú yòókù pọ̀, ìjọba méjì la ní, wọ́n sì pín wa láàárín ara wọn bí ẹran àjọpín. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ọ̀nà tóóró, ìjọba àgbègbè ló ni ọ̀nà gbòòrò. Omi tó wà nínú páìpù ńlá, ti àgbègbè ni. Tó bá ti yà sínú páìpù kékeré, ó ti di ti ìbílẹ̀. Ìbílẹ̀ ló ń kó pàǹtírí, àgbègbè ló ni ibi tí wọ́n ń dà á sí. Orval ní tí òun bá sín láàárín títì, òun ò mọ ìjọba tó yẹ kó ṣàdúrà fún òun. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, Corinne ń ṣeré lábẹ́ igi ápù níbi tí àwọn èso tó jábọ́ ti ń rà. Agbọ́n ta á létè. Mo rò pé á ké, kò ké. Ó kàn ń wò mí. Ètè rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ wá ń dún bí atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo pe ọkọ̀ aláìsàn. Ọwọ́ àgbègbè nìyẹn wà báyìí, ọmọge kan tí mi ò mọ̀ rí ló gbé fóònù. Mo ní, "Ilé kẹsàn-án, Ojú Ọ̀nà Ọlọ, ẹ yára." Ó ní wọ́n ti ń bọ̀. Mo gbé ọmọ mi dúró lẹ́nu géètì.

Ìyá àgbà, Elmsby náà ní Ojú Ọ̀nà Ọlọ. Ìlú wo ni ò ní ilé ọlọ tí odò ń yí nígbà yẹn? Ó sì ní ilé kẹsàn-án. Ibẹ̀ ni wọ́n lọ. Obìnrin tó ń gbébẹ̀ ní ara òun le koko, bóyá kí wọ́n wọlé wá mu kọfí. Mi ò pe orúkọ Tamlin fún ọmọge yẹn. Ta ló ń dárúkọ Tamlin nígbà tó bá wà ní Tamlin?

Orval ló ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tó fi ń kó òkúta. Ó rí wa, kò béèrè nǹkan kan, ó kàn ṣí ilẹ̀kùn. Ní ọsibítù wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ó mí. Àmọ́ dókítà sọ fún mi pé bí agbọ́n bá tún ta á, ó lè le ju báyìí lọ, kí n má jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí nǹkan kan bá ti kùn nínú ilé, màá sáré wá Corinne. Eṣinṣin lásán, màá ti dìde.

Mo lọ sí ọ́fíìsì àgbègbè. Ọkùnrin tó fi táì sọ́rùn dá mi lóhùn jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ìyàwó, ìbílẹ̀ ló ń sọ ojú ọ̀nà lórúkọ. Ọkọ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ tiwa." Mo padà sọ́dọ̀ ìbílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ ló ṣìnà, àgbègbè ló ni ọkọ̀." Mo ní ta ló wá ni ọmọ? Wọ́n ní kí n wá sí ìpàdé.

Mo lọ, mo gbé Corinne lọ. Ọ̀gbẹ́ni Prewitt ni alága. Ó ní kí Elmsby lọ yí tiwọn, àwa la kọ́kọ́ ní ọlọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ọdún tí wọ́n kọ́ ọlọ Elmsby. Ni Orval bá dìde, òun tó gbé ọmọ mi lọ sí ọsibítù. Ó ní, "Amos Tansley ló fọwọ́ ara rẹ̀ kun pátákó ojú ọ̀nà yẹn. Kò sẹ́ni tí ò jẹ nínú ìyẹ̀fun rẹ̀ níbí. Ọlọ ti jóná, orúkọ nìkan ló kù, ẹ tún fẹ́ pa ìyẹn náà?" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Omi bọ́ lójú mi, torí bàbá àgbà mi ló ń sọ, òótọ́ sì ni.

Mo gbé Corinne dìde. Mo ní, "Bàbá Orval, ẹ̀yin lẹ gbé e. Ẹ sọ fún wọn bó ṣe ń mí." Orval ṣí fìlà, ó tún un dé, ó tún ṣí i. Ó ní, "Bí adìẹ tí wọ́n fún lọ́rùn." Ó jókòó. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yí i nawọ́ sókè, òun ló kọ́kọ́ fa ọwọ́ sókè, wọ́n ní kó sọ ọ́ kalẹ̀, kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀. Kò sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn tó kù bá nawọ́.

Àgbègbè ti kó orúkọ ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò wá fún ìbílẹ̀, pé kí wọ́n mú níbẹ̀. Àwòdì ló bọ́ sí wa lọ́wọ́. Mo ní ṣé kò sí ẹyẹ míì ni, ìyá wo ló ń fẹ́ àwòdì nítòsí ọmọ? Prewitt ní ìlú míì ti gba àdàbà. Orval ní, "Gbà bẹ́ẹ̀, ó sàn ju igún."

Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún mi pé mo sọnù lọ́jà ìparí ìkórè nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, pé orúkọ bàbá mi ò wá sí mi lẹ́nu, "ọlọ" nìkan ni mò ń pè, àgbẹ̀ kan sì gbé mi kọ́ èjìká wá sílé. Mo ṣì ń rí bàbá àgbà lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun funfun lójú ìpéǹpéjú rẹ̀, odò ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ yẹn gbé mi délé. Kò lè gbé ọmọ mi délé mọ́, Ìyá àgbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ri pátákó tuntun, mo pe ọmọge ọkọ̀ aláìsàn. Mo ní kò séwu, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ ibi tí mo wà. Kò ronú rárá. Ó ní, "Tamlin, ẹ kọjá afárá, ilé kejì lọ́wọ́ ọ̀tún." Mo dúpẹ́ títí. Mo wá ní ọlọ kan wà níbẹ̀ rí. Ó ní, "Ọlọ kẹ̀? Ẹ má bínú mà, ẹlòmíì ń pè."

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí, ó sì nira fún mi láti kọ. Tí ẹ bá ń bá Corinne sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ Ọlọ fún un. Ẹ sọ ti bàbá àgbà, ẹ sọ ti odò, àmọ́ ẹ má pe ojú ọ̀nà. Mi ò fẹ́ kí méjèèjì dàpọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tí mi ò bá sí nítòsí. Tó bá dàgbà, màá mú un lọ sídìí òkúta ìpìlẹ̀ tó kù létí odò, màá sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ọlọ́run á bá wa dá yín sí. Orúnkún yín á gbé yín padà wá bẹ̀ wá wò, ojú yín ò ní fọ́, ẹ ò ní sunkún wa, àwa náà ò ní sunkún yín.

Èmi ọmọ-ọmọ yín tí ẹ fọwọ́ ara yín tọ́,
Noreen.

Mo tún rántí: gbogbo àárọ̀ ni mo máa ń bi Corinne níbo ló ń gbé. Ó ti mọ̀ ọ́n bí orin. Ó ń kọ ọ́ fún adìẹ, ó ń kọ ọ́ fún ajá Orval: "Ilé kẹsàn-án, Ojú Ọ̀nà Àwòdì, Tamlin." Kò tíì mọ òmíràn.